Ẹnu Tí Màmá Àgbà Fi Pamọ́ fún Ẹ̀gbọ́n Mi

Ní àgbàlá tí wọ́n ti tọ́ mi ní Ugbowo, ní ìlú Benin, ìgbálẹ̀ Ìyá Onílé ló máa ń kọ́kọ́ jí, ikọ́ Màmá Àgbà a tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ohùn àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ tó ń pe "Ring Road, Ring Road" lójú títì á wá gba orí ògiri wọlé. Bí ẹ bá dúró títí di ìgbà oúnjẹ, ẹ ó gbọ́ ìró tèmi náà lẹ́yìn ilé ìdáná: kò, kò, kò. Odó kékeré kan ni, kò ju orí ọmọ ọwọ́ lọ, inú rẹ̀ ni mo ti máa ń gún ẹran Màmá Àgbà. Ìyá bàbá mi ni Màmá Àgbà. Kò sí eyín kankan lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Èrìgì rẹ̀ ti le débi pé ó ń fi í jẹ iṣu sísè, ṣùgbọ́n ẹran kọ̀ fún un. Èmi ni mo máa ń fi ọwọ́ fa ẹran náà ya fínnífínní, màá gún un, màá bu omi ọbẹ̀ díẹ̀ sí i, màá tún un gún, màá wá gbé e lọ bá a lórí àpótí tó máa ń jókòó sí. Yóò tọ́ ọ wò, yóò fi oríkì mi pè mí, yóò ní, "Àbẹ̀kẹ́, ìwọ ni eyín mi." Bí àlejò bá ń káàánú rẹ̀, a rẹ́rìn-ín, a ní adìẹ ń jọkà, ó ń mumi, ó ń gbé òkúta wẹ́wẹ́ mì, síbẹ̀ ó ní òun ò léyín, ṣé ìdérègbè tó léyín ń gbé irin mì ni? Èmi a wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, orí mi a wú, torí mo mọ̀ pé èmi ló ń fi yangàn.

Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́ báyìí: òjòwú ni mí. Wọ́n bí i mọ́ mi ni, bí wọ́n ṣe ń bí orí pípá mọ́ ẹlòmíràn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ẹniọlá, ni mo ń jowú. Àwa méjèèjì nìkan ni òbí wa bí, ó sì fi ọdún méje jù mí lọ. Òun ló ni bẹ́ẹ̀dì, èmi ni mo ni ẹní. Òun ló ni tábìlì ẹ̀bá fèrèsé. Ní tèmi, itan mi ni tábìlì mi. Bí abọ́ bá kún inú báàfù, Mọ́mì á ní, "Mọ́rẹ́, lọ fọ abọ́, Ẹniọlá ń kàwé." Bí omi bá tán nínú dúrọ́ọ̀mù, Ẹniọlá ń kàwé. Bí òjò bá fẹ́ pa aṣọ tí wọ́n sá, ẹ ti mọ ohun tí Ẹniọlá ń ṣe. Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ èjí. Fọ́tò kan wà ní pálọ̀ wa, ti Màmá Àgbà nígbà tó ṣì jẹ́ omidan. Ó rẹ́rìn-ín, èjí sì hàn gbangba láàárín eyín iwájú rẹ̀. Èjí yẹn fo bàbá mi dá, ó lọ bọ́ sí ẹnu Ẹniọlá. Eyín iwájú tèmi gun ara wọn bí àwọn tó ń du ẹnu ọ̀nà. Àjíkẹ́ eléjìí ni Màmá Àgbà máa ń pè é, a ní ẹnu òun àtijọ́ ló wà lẹ́nu ọmọ yìí. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, màá gún ẹran ju bó ṣe yẹ lọ. Mọ́mì tó mọ̀ mí dáadáa á yọjú láti ilé ìdáná, á ní, "Òjòwú ò lẹ́ran láyà o, Mọ́rẹ́."

Ohun kan ni mo fi ju Ẹniọlá lọ, èdè ni. Benin ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí. Bí Dádì bá bá a sọ Yorùbá, òyìnbó ló máa fi dá a lóhùn, tàbí Píjìn tó ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ lójú títì. Èmi náà ì bá rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Màmá Àgbà kì í gba abọ́ tí wọ́n bá fi Píjìn gbé fún un. A ní òun ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, nídìí odó ni mo ti kọ́ Yorùbá tí mo ń kọ yìí, láti ẹnu tí kò léyín. Títí dòní ni àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń sọ pé mò ń sọ̀rọ̀ bí arúgbó.

Ọdún tí mò ń sọ yìí ni Ẹniọlá fẹ́ wọ yunifásítì láti kọ́ iṣẹ́ oníṣègùn eyín, orúkọ rẹ̀ sì jáde níbi méjì. Ọ̀kan ni èyí tó wà ní Ugbowo lọ́dọ̀ wa, tó ti pẹ́, tí àwọn tó jáde níbẹ̀ ti ń tọ́jú eyín káàkiri kí wọ́n tó bí ẹ̀gbọ́n mi rárá. Láti ẹnu géètì wa, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Ìkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, ní ìlú tí Dádì ti wá, lọ́nà Àkúrẹ́ lọ́hùn-ún. Ilé tuntun, àga tuntun, ọ̀dà ara ògiri kò tíì gbẹ tán, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó tíì kẹ́kọ̀ọ́ jáde níbẹ̀. Ilé wa wá pín sí méjì. Dádì ń ta táyà ní Sapele Road. Ó ti pẹ́ ní Benin, síbẹ̀ ó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń padà sílé lọ́la. Ó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lọ sí ìlú wa kó lè mọ ẹni tó jẹ́. Mọ́mì fẹ́ Ugbowo. Ó máa ń sọ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ilé ìwé tuntun lè ní àga tó ń dán, ta ló ti jókòó lórí àga náà tó dìde láyọ̀? Ẹniọlá fúnra rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ìlú wa sétí.

"Daddy, nobody has even graduated from there," ló ń wí ṣáá.

Dádì á ní, "Ẹnì kan ló máa kọ́kọ́ jáde. Kí ló dé tí kò ní jẹ́ ìwọ?"

Ẹniọlá á wọ yàrá lọ, á ti ilẹ̀kùn, a ó sì gbọ́ bí bẹ́ẹ̀dì ṣe dún lábẹ́ rẹ̀. Èmi tí mo ni ẹní, mi ò tiẹ̀ ní ohun tí màá fi ìbínú ju ara mi lé.

Ẹni tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà jù láàárín wa ni Bọ̀dá Kúnlé, tó háyà yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn àgbàlá. Ará Abẹ́òkúta ni, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ẹ̀kọ́ eyín ní Ugbowo. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí ló máa ń fúnra wọn wá ẹnu tí wọ́n á fi ṣe é. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ rí ẹni tí yóò fa eyín rẹ̀, kó rí ẹni tí yóò dí ihò eyín rẹ̀, kó tún rí ẹni tí kò léyín rárá tí yóò ṣe odindi eyín àtọwọ́dá fún, kí wọ́n tó gbà á láyè láti ṣe ìdánwò àṣejáde. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ṣòro jù. Bọ̀dá Kúnlé kì í kí àgbàlagbà lójú títì kó má wo inú ẹnu rẹ̀. Bí Ìyá Onílé, tó jẹ́ ọmọ Benin gidi, bá kí i ní "kóyo" láàárọ̀, eyín ló ń wò. Ìyá Onílé sọ fún un lọ́jọ́ kan pé, "Kúnlé, my teeth complete. Leave me, go find another mama."

Màmá Àgbà ni mama tó ti ń wò látọjọ́ tó ti kó dé. Ní àárọ̀ Sátidé kan, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó lọ̀, ó gbé ìgò mọ́ọ̀tì àti búrẹ́dì rírọ̀ dání, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú àpótí ìjókòó rẹ̀.

"Màmá, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣe eyín fún yín. Ẹ ó kàn máa bá mi lọ sí ilé ìwòsàn wa fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ẹ ó la ẹnu, a ó fi nǹkan kan tó rọ̀ bí ẹ̀kọ sí i, ìyẹn ló máa gba àwòrán èrìgì yín. Kò dunni rárá."

Màmá Àgbà gba mọ́ọ̀tì, ó dúpẹ́, ó gbàdúrà fún un. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Kúnlé ọmọ mi, Ọlọ́run á ṣí ẹnu mìíràn fún ọ. Ẹnu tèmi ti ní ẹni tó ni ín. Ẹniọlá ni mo fi í pamọ́ fún."

"Màmá, Ẹniọlá ò tíì wọlé. Bó tiẹ̀ wọlé lónìí, ó máa pẹ́ gan-an kí wọ́n tó jẹ́ kó fọwọ́ kan ẹnu ènìyàn."

"Mo ti ń dúró kí wọ́n tó bí i. Kò sí ohun tó ń lé mi."

Mo wà nídìí odó nígbà tó sọ ọ́. Ó dùn mí wọ eegun. Èmi ni mò ń fi ọwọ́ mi ya ẹran lójoojúmọ́ tí èékánná mi fi ń rùn ọbẹ̀ dé ilé ìwé. Ẹni tí kì í fọ abọ́ ni wọ́n wá fi ẹnu náà pamọ́ fún. Bí Màmá Àgbà bá fún un ní wúrà, mi ò ní jowú tó bẹ́ẹ̀. Mo ro ọ̀rọ̀ náà láti òkè dé ilẹ̀ lórí ẹní mi. Bí Ẹniọlá bá gba Ugbowo, á máa gbé inú ilé, á máa kàwé lọ láti ọdún dé ọdún, èmi á máa fọ abọ́ lọ. Lọ́jọ́ kan á fa Màmá Àgbà lọ́wọ́ gba ẹnu géètì, wọn á padà dé pẹ̀lú eyín, odó mi á sì di ibi tí adìẹ ti ń mumi. Ṣùgbọ́n bó bá lọ sí ìlú wa, ọ̀nà jìn, Màmá Àgbà ò ní lè máa lọ máa bọ̀. Ẹnu yẹn á dúró sọ́dọ̀ mi. Nítorí náà, Ẹniọlá gbọ́dọ̀ lọ.

Dádì ní àṣà kan tó jogún lọ́wọ́ bàbá tirẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ńlá bá dé, ọjọ́ ìsinmi nídìí ìrẹsì la máa ń jókòó lé e, àbíkẹ́yìn ló sì máa ń kọ́kọ́ sọ tirẹ̀, títí yóò fi kan ẹni tó dàgbà jù. Ó máa ń sọ pé bí àgbà bá ti là á sílẹ̀, ọmọdé á kàn máa tún un wí bí odídẹrẹ́ ni. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ já lu ẹni tó ń sọ̀rọ̀; ẹni tó bá sì ti sọ tirẹ̀, ó ti sọ ọ́ náà nìyẹn, kò gbọ́dọ̀ padà sí i. Nínú gbogbo ohun tó wà nílé wa, àṣà yìí nìkan ló fi mí ṣíwájú Ẹniọlá, n kò sì fẹ́ fi í ṣòfò. Mo lọ bá Bọ̀dá Kúnlé, mo bi í pé èwo ló dáa jù. Ó ní, "Níbi tó ti pẹ́, ọ̀gá pọ̀, gbogbo ayé ló mọ orúkọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀, Mọ́rẹ́, ẹnu ò sì kárí. Níbi tuntun, wọn ò tó nǹkan, gbogbo arúgbó ìlú náà ló máa jẹ́ tiwọn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí àwọn aláṣẹ ìjọba tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ilé ìwé tuntun ò bá tètè dé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè jókòó sílé lásán." Mo dúpẹ́, mo gbé ìdajì tó wúlò fún mi, mo fi èyí tó kù sílẹ̀ fún un.

Lọ́jọ́ náà, wọ́n ṣí fèrèsé pálọ̀ sílẹ̀ torí ooru, a ń gbọ́ bí Ìyá Onílé ṣe ń bu omi. Dádì ní, "Ó yá, Mọ́rẹ́." Mo dìde, mo kúnlẹ̀, mo tún dìde.

"Ẹ̀yin òbí mi, mo kí yín. Ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ eyín, ẹnu ló nílò. Ẹ wo Bọ̀dá Kúnlé, mọ́ọ̀tì ló fi ń wá ẹnu kiri ní Ugbowo. Ní ìlú wa, tí wọ́n ti mọ bàbá tó bí Àǹtí mi, ta ló máa pa ẹnu dé mọ́ ọn? Odò kì í ṣàn kó gbàgbé orísun. Ẹ jẹ́ kó lọ sílé."

"This girl just wan pursue me comot for house," ni Ẹniọlá wí.

"Ó ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́," ni Dádì dá a lóhùn. Ó ti gbàgbé abọ́ ìrẹsì tó wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sí Benin, tó sọ Yorùbá báyìí láìda òyìnbó pọ̀ mọ́ ọn! Ó dà bí ẹni pé orí Dádì ti dé ìlú wa ṣáájú ọkọ̀. Ẹniọlá sọ tirẹ̀ lédè òyìnbó, ó sì sọ ọ́ dáadáa: ibi tó ti pẹ́ ni wọ́n mọ̀, kò fẹ́ kí wọ́n fi òun dán nǹkan wò. Mọ́mì gbè é lẹ́yìn, ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ má jẹ́ kí ẹnu ọmọ yìí tàn yín. Owú ló ń sọ Yorùbá yẹn." Dádì ní owú tàbí kì í ṣe owú, ọ̀rọ̀ náà gún, ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ó ku Màmá Àgbà. Ó ti ń fi ìka pa ìrẹsì tirẹ̀ rọ́rọ́ látìgbà tí a ti jókòó. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ nù.

"Àbẹ̀kẹ́ ti bá mi sọ ọ́," ló wí. "Kí Ẹniọlá máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin ò ní dá gbé. Ilé mi wà níbẹ̀, eruku ló ń jẹ ẹ́, èmi náà á bá a lọ. Ṣé ẹ ní ẹnu ló nílò? Ẹnu rèé."

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo ti dìde pàápàá. Mo fẹ́ sọ pé Ugbowo dáa, pé ibi tó ti pẹ́ ni gbogbo ayé mọ̀, pé àwọn tó ń fọwọ́ sí i lè má tètè dé. Ṣùgbọ́n mo ti sọ tèmi. Dádì wò mí, ó ní, "Mọ́rẹ́, jókòó, o ti gbìyànjú." Ẹniọlá ń sunkún, inú èmi náà sì ń sun tirẹ̀, nínú gbogbo wa, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé nítorí ohun kan náà kọ́ là ń sunkún.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, mo gbé odó kékeré náà wá sí ìdí ọkọ̀. Màmá Àgbà ní kí n gbé e padà. "Ta ló fẹ́ lò ó níbẹ̀? Ẹniọlá ò mọ̀ ọ́n gún. Màá máa jẹ ẹja." Ìyá Onílé dúró lẹ́nu géètì, ó ń sọ fún mi pé, "Sorry ehn, you go use bed now." Lóòótọ́ ni. Mo gba bẹ́ẹ̀dì, mo gba tábìlì, wọ́n fi ẹran tó pọ̀ sínú abọ́ mi, nígbà tó yá Mọ́mì sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé Mọ́rẹ́ ń kàwé. Gbogbo ohun tí mo ti ń fojú sí lára ni wọ́n kó fún mi. Àárín bẹ́ẹ̀dì náà ti rì níbi tí Ẹniọlá máa ń sùn sí, inú ihò rẹ̀ ni mo ń sùn. Láàárọ̀, ìgbálẹ̀ á jí, kò ní sí ikọ́ tó máa tẹ̀ lé e, àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ á kàn bọ́ sí i. Bí wọ́n bá pè wá lórí fóònù lọ́jọ́ ìsinmi, Màmá Àgbà á bi mí bóyá mò ń jẹun, á sì yára fi kún un pé Ẹniọlá ń ṣe dáadáa, pé Ẹniọlá mọ ọ̀nà ọjà, pé Ẹniọlá ti ń sọ Yorùbá. Yorùbá náà ló bí mi nínú jù. Ohun kan ṣoṣo tí mo fi jù ú lọ, ó ti lọ bù ú lórísun.

Ohun tí Bọ̀dá Kúnlé bẹ̀rù ṣẹlẹ̀ díẹ̀. Àwọn tó ń fọwọ́ sí ilé ìwé náà pẹ́ kí wọ́n tó dé, ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi odindi ọdún kan jókòó sílé lásán. Lásìkò yẹn, bí fóònù bá ti dún, Mọ́mì á kọ́kọ́ bojú wò mí kó tó gbé e. Ó dà bí ẹni pé èmi, ọmọ kékeré, ni mo lọ ti géètì ìjọba pa. Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀, mo sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n fọwọ́ sí i, Ẹniọlá sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ aṣọ funfun.

Ọdún Kérésìmesì tí gbogbo wa lọ sí ìlú wa, èmi náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde ní girama. Màmá Àgbà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀, ó dúró kí a sún mọ́ ọn dáadáa, ó wá rẹ́rìn-ín. Eyín kún ẹnu rẹ̀ lókè nísàlẹ̀, funfun tónítóní, èjí sì wà láàárín ti iwájú. Ẹniọlá ló ṣe é. Ẹ̀dà fọ́tò pálọ̀ yẹn ló ń wò ṣe é, ó sì bẹ ọ̀gá rẹ̀ kó tó gbà pé kí òun fi èjí sí eyín àtọwọ́dá. Eyín náà ni ó fi yege. Dádì fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, ó ń pe ìyá rẹ̀ ní omidan. Mọ́mì di ẹ̀gbọ́n mi mú, kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo fi ètè bo eyín mi tó gun ara wọn, owú náà sì jí bí ìgbà tí mo wà lórí ẹní. Iṣẹ́ náà dára. Ó dára débi pé mi ò rí ibi tí mo lè bú.

A jókòó jẹun. Ẹran ewúrẹ́ ni, èyí tó le. Màmá Àgbà bu ẹyọ kan jẹ, gbogbo wa ń wò ó, eyín náà ń ró kẹ́kẹ́kẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì. Kò bu ìkejì. Ó ní kí wọ́n bu omi sínú kọ́ọ̀bù fún òun, ó yọ eyín òkè, ó yọ ti ìsàlẹ̀, ó kó wọn sínú omi, ẹnu rẹ̀ sì padà di ẹnu tí mo mọ̀.

"Eyín Àjíkẹ́ dáa," ló wí. "Ó dáa fún ṣọ́ọ̀ṣì, ó dáa fún fọ́tò. Àbẹ̀kẹ́, ṣé o gbé odó wa dání?"

Mo ti gbé e dání. Kò sẹ́ni tó ní kí n gbé e, àárín aṣọ mi ni mo dì í sí láti Benin. Nígbà tí mo gbé e jáde, mo rí ojú ẹ̀gbọ́n mi, ó ń wo kọ́ọ̀bù, ó ń wo odó, ó ń wo Màmá Àgbà tó ti na abọ́ rẹ̀ sí mi. Mo mọ ojú yẹn. Mo ti gbé e kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó kan ẹlòmíràn. Mo fa àpótí kan sún mọ́ ìdí àpótí Màmá Àgbà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ya ẹran náà ní fínnífínní, n kò sì kánjú.